Ṣúgà Bàbá Télọ̀ Já Wálẹ̀ Nínú Ààwẹ̀

Aránṣọ ni bàbá tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ní Ìbàdàn, nítòsí Bẹẹrẹ. Ẹni ọdún 63 ni wọ́n. Ó ti di ọdún 9 tí dókítà ti sọ fún wọn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, irú kejì, èyí tó sábà máa ń mú àgbàlagbà. Mo gba àṣẹ lẹ́nu wọn kí n tó kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n ṣáà má dárúkọ. Bàbá Télọ̀ ni n ó máa pè wọ́n. Télọ̀ tó wà ní Bẹẹrẹ kò lóǹkà, ẹni tó bá ń wá wọn kiri á rìn títí.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní kíníìkì tí wọ́n ń wá báyìí. Èyí tó ṣojú mi nínú ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀: mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé wọn dé lóru. Ìyókù, mo gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá fúnra wọn, lẹ́nu Àlàájà ìyàwó wọn, lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ wọn kan, àti lẹ́nu ìyá tó ni kẹ́míìsì òdìkejì títì. Ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu níbi gbogbo. Ibi tí kò ti bára mu, n ó sọ.

Oògùn méjì ló wà lórí káàdì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Metformin 500 mg, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Glibenclamide 5 mg, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí Daonil, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò jọra. Metformin máa ń dín ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ń jẹ́ kí ara rí ínsúlíìnì tó wà nílẹ̀ lò dáadáa, ìyẹn èròjà inú ara tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ òun nìkan lèèyàn ń lò, ó ṣọ̀wọ́n kí ṣúgà já wálẹ̀ débi ewu. Glibenclamide ní tirẹ̀, ṣe ló ń ti ara pé kó máa tú ínsúlíìnì jáde, ẹ jẹun o, ẹ ò jẹun o. Kò mọ Rámádáánì, kò mọ ọjọ́ lásán. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e mì, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá lọ.

Ẹni tó bá sún mọ́ aránṣọ mọ̀ pé Rámádáánì kì í ṣe oṣù ìsinmi fún wọn. Owó aṣọ ìtúnu ààwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún. Bí ààwẹ̀ bá ti tó ọjọ́ 10, léèsì, àǹkárá àti gínnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Gbági, oníbàárà kọ̀ọ̀kan á sì máa bẹ̀bẹ̀ pé tòun ni kí wọ́n kọ́kọ́ rán. Ní 2025 tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, àsìkò tí ooru Ìbàdàn kò ṣeé fẹnu sọ. Láti sààrì títí oòrùn fi wọ̀ lé ní wákàtí 13. Bí Bàbá Télọ̀ bá kírun àṣámù tán lálẹ́, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń padà sí. Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ á sì di aago 12 tàbí 1 òru. Àlàájà ní ìgbà púpọ̀ ló jẹ́ pé bí àwọn bá jí wọn fún sààrì, ògì ife kan péré ni wọ́n máa mu, wọ́n á lo oògùn, wọ́n á kírun, wọ́n á tún sùn lọ.

Wọ́n tún ti fọwọ́ ara wọn tún oògùn tò. Nítorí pé wọ́n ń sáré ṣínu, tí wọ́n ń sáré kírun, tí wọ́n tún ń sáré padà sídìí máṣíìnì, oògùn alẹ́ ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ni wọ́n bá kó o pọ̀: Daonil méjèèjì ní sààrì, lẹ́ẹ̀kan náà. “Ṣebí méjì lójúmọ́ náà ni,” bí wọ́n ṣe sọ fún mi nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí tísà àgbà tó ti fẹ̀yìntì tó ṣe ohun kan náà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún èèyàn bí yóò ṣe lo oògùn rẹ̀ nínú ààwẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá ọgbọ́n sí i.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà sì wà nílé. Ọmọ wọn kan ló rà á. Láti ọjọ́ tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé sítíríìpù ti gbówó lórí. Ìdí kejì ni pé wọ́n gbà pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde lára, ààwẹ̀ ti bàjẹ́.

Ọjọ́ 18 ààwẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Léèsì aláwọ̀ ewé kan wà lórí tábìlì, oníbàárà tó ni ín fẹ́ gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ ní lẹ́yìn ìrun Àyìlà lòun ti ń ṣàkíyèsí. Ọ̀gá òun kì í fi ṣọ́ọ̀kì sàmì lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ náà, wọ́n sàmì, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún sàmì. Wọ́n fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ọwọ́ ń gbọ̀n. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀, wọ́n ní àwọn ọmọ ti fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan awò àwọn. Fáànù ń fẹ́ sí wọn lára, síbẹ̀ ẹ̀yìn jalábíà wọn tutù rinrin, ó lẹ̀ mọ́ wọn lára.

Nígbà tó ń lọ sí aago 4, wọ́n gé apá aṣọ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n gé apá méjèèjì sí. Ọmọ náà rí i, kò lè sọ ọ́. Ta ni yóò wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kó ní ẹ ti ba léèsì oníléèsì jẹ́? Kò pẹ́ sí i, obìnrin kan yà láti béèrè aṣọ ọmọ rẹ̀, Bàbá sì bú u, wọ́n bú u débi tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi pa rọ́rọ́. Ẹni tí àdúgbò mọ̀ sí onísùúrù. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ebi ló ń bínú, pé ìrọ̀lẹ́ ààwẹ̀ kì í rọrùn.

Gbogbo àmì ló ti pé báyìí: òógùn, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ojú tí kò ríran dáadáa, ìbínú òjijì, èrò tí kò já geere mọ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti kéré jù, làákàyè yóò fara gbá a, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó ń ṣe fi lè má mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Àwọn tó yí i ká ló gbọ́dọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ààwẹ̀, kò sí èyí tí èèyàn kò ní rí àlàyé mìíràn fún. Ooru ló fa òógùn. Ọjọ́ orí ló fa ojú. Òùngbẹ ló fa ìbínú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́. Wọ́n jókòó sídìí máṣíìnì, wọ́n ń wo áyọ́ọ̀nù, wọn ò gbé e. Ọmọ náà ní òun kí wọn, “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o,” wọn ò dáhùn, wọ́n kàn ń fi àtàǹpàkò ra tépù tó wà lọ́rùn wọn, lọ síwá, lọ sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ló sáré lọ pe Àlàájà, tí wọ́n ń ta èlò ọbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

Kí Àlàájà tó dé, èrò ti pé. Omi tútù ni wọ́n kọ́kọ́ dà lé Bàbá lórí. Ẹnìkan gé àlùbọ́sà sí wọn nímú. Ẹnìkan ní wọ́n ti ṣe wọ́n ni, pé kì í ṣojú lásán, kí wọ́n lọ pe àlùfáà. Bàbá àgbàlagbà kan ń pariwo pé kí wọ́n wá epo pupa. Ìyá tó ni kẹ́míìsì, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ni wọ́n la àárín èrò kọjá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé: “Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kọ́ nìyí? Ẹ bá mi wá ṣúgà.”

Àlàájà dì mọ́ ọkọ wọn. “Ṣúgà kẹ̀? Ẹ fẹ́ pa wọ́n mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Ọdún 9 ni mo ti ń gbé ṣúgà sá fún wọn!”

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí. Àlàájà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Àwọn ló ń bá ọkọ wọn lọ gba oògùn, àwọn ló gbé tíì aládùn kúrò nílé, àwọn ló ń bu àmàlà sáwo tí wọn kì í jẹ́ kó ju ẹyọ kan lọ, bí Bàbá tilẹ̀ ń fajú ro. Gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́ ní kíníìkì láti ọdún 9 kò ju kí ẹ sá fún ṣúgà lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ṣúgà yóò di oògùn. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n ṣe. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ ní ìdajì ẹ̀kọ́, n kò rí bí a ṣe lè dá ọmọ lẹ́bi ìdajì tó kù.

Ìbẹ̀rù kejì sì wà lábẹ́ èkíní. Ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì. Àlàájà mọ ohun tí ọkọ wọn yóò sọ bí ojú wọn bá là tí wọ́n gbọ́ pé ààwẹ̀ ti já. Bàbá fúnra wọn, nínú gbogbo ìdààmú yẹn, eyín ni wọ́n pa pọ̀ nígbà tí wọ́n gbé ife dé ẹnu wọn. Ọmọ iṣẹ́ ní wọ́n ń sọ pé “ààwẹ̀, ààwẹ̀.” Àlàájà ní irọ́ ni, pé wọn ò sọ nǹkan kan.

Ìyá Kẹ́míìsì kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n gba ọwọ́ Bàbá, wọ́n nù ún, wọ́n gún orí ìka, wọ́n fi sítíríìpù gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ náà kà sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó gbé 41 jáde. Wọ́n yí ojú ẹ̀rọ sí Àlàájà. “Mélòó lẹ máa ń rí nílé?” Àlàájà ní 160, 180, ìgbà mìíràn á lé ní 200. “Ó dáa, ẹ ka èyí.” Àlàájà kà á, wọ́n sì fi ọkọ wọn sílẹ̀. Ìwọ̀n mg/dl ni ẹ̀rọ náà ń lò. Bó bá ti wà lábẹ́ 70, ṣúgà ti já wálẹ̀ nìyẹn. Lábẹ́ 54, kò sí àyè àríyànjiyàn mọ́.

“Bàbá, ẹ gbé itọ́ mì.” Wọ́n gbé e mì. Ohun tí Ìyá Kẹ́míìsì ń wá nìyẹn kí wọ́n tó gbé ife padà: ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì kò gbọ́dọ̀ mu nǹkan kan. Hóró ṣúgà mẹ́rin ni wọ́n yọ́ sínú omi díẹ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 15 ṣúgà là ń wá nírú àsìkò yìí. Ṣíbí tíì mẹ́ta tó kún á ṣe é, ìdajì ìgò mínírà náà á ṣe é, àfi èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kò ní ṣúgà. Kì í ṣe àkàrà, kì í ṣe ẹ̀wà, nítorí àwọn yẹn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wọ ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, èèyàn á tún wọ̀n ọ́n. Ó gbé 58 jáde. Wọ́n tún fún wọn mu. Ó di 92.

“Ta ló da omi sí mi lára?” Báyìí ni Bàbá ṣe padà wá.

Ìyá Kẹ́míìsì ní kí wọ́n gba ọsibítù lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pé Daonil méjì tí wọ́n lò kò tíì tán lára. Bàbá ní ṣé kí àwọn fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀? Wọ́n ti rí apá òsì méjèèjì. Wọ́n tú ìyókù léèsì, wọ́n rí ibi tó tó apá kan, wọ́n tún un gé, wọ́n rán an, oníbàárà sì gbé aṣọ rẹ̀ lọ lálẹ́ ọjọ́ náà láìmọ ohunkóhun. Ẹ̀kọ kan àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n jẹ. Wọ́n lọ kírun àṣámù. Wọ́n tún padà sí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ayé ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣúgà tí èèyàn mu kì í pẹ́ lára, láàárín wákàtí kan sí méjì, ara ti lò ó. Glibenclamide lè máa ṣiṣẹ́ lọ fún odindi ọjọ́ kan, pàápàá lára àgbàlagbà. Ẹni tí irú oògùn yìí bá já ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ tó sì là á já ní ìrọ̀lẹ́ ṣì lè ṣubú lóru, nígbà tí kò sí ọmọ iṣẹ́ tí yóò rí i.

Aago 3 òru kọjá díẹ̀ ni Àlàájà jí láti dáná sààrì. Wọ́n gbọ́ tí Bàbá ń hanrun, ṣùgbọ́n ìró náà kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan aṣọ ibùsùn, ó tutù. Wọ́n pè wọ́n, wọ́n gbọ̀n wọ́n, kò sí èsì. Oyin ni Àlàájà sáré mú, nítorí ohun tí ojú wọn rí lọ́sàn-án. Ọmọkùnrin wọn ló gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn. Ó ti gbọ́ nígbà tí Ìyá Kẹ́míìsì ń kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá jí, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà. Wọ́n dà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Aládùúgbò kan tó ń fi Micra ṣe takisí ti jí fún sààrì, òun ló gbé wọn. Ọmọ náà sọ fún mi pé nínú ọkọ̀, rọpárọsẹ̀ lòun gbà pé ó jẹ́, nítorí apá ọ̀tún Bàbá kò gbéra. Kò ṣàṣìṣe púpọ̀. Ìjáwálẹ̀ ṣúgà lè fara jọ rọpárọsẹ̀ débi tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wọn ṣúgà ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé wọlé báyìí kí wọ́n tó ṣe ohun mìíràn.

27 ni ẹ̀rọ wa gbé jáde. Dókítà wá iṣan, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba omi ṣúgà líle síbẹ̀, èyí tí à ń pè ní dextrose. Mo ti rí i púpọ̀, síbẹ̀ ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu: kí omi inú sírínjì tó tán, ojú Bàbá là, apá ọ̀tún gbéra, wọ́n sì béèrè bóyá wọ́n ti pe ìrun. A gbé dírípù kọ́ wọn, a ń wọn ṣúgà ní wákàtí wákàtí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, dírípù ṣì ń kán lọ́wọ́, ó tún wá sí 61. Ìdí nìyẹn tí a kò fi jẹ́ kí wọ́n lọ sílé, bí wọ́n tilẹ̀ ń bú wa. Ó di ọjọ́ kẹta kí ó tó dúró dáadáa láìsí dírípù.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Kò tíì burú jọjọ, ṣùgbọ́n ó ti tó láti jẹ́ kí glibenclamide pẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n lóye ìdí tó fi jẹ́ ọdún yìí. Wọ́n ti gba ààwẹ̀ ọdún mẹ́jọ pẹ̀lú àtọ̀gbẹ láìsí wàhálà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Daonil ẹyọ kan ni wọ́n ń lò lójúmọ́. Oṣù Kejìlá tó ṣáájú ni wọ́n fi èkejì kún un níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sínú ìwé oògùn kòṣeémánìí wọn láti ọdún pípẹ́ pé glibenclamide kò yẹ fún ẹni tó bá ti lé ní 60 ọdún. Ó ṣì wà káàkiri, nítorí owó rẹ̀ kò wọ́n.

Mo ka káàdì yẹn láti òkè délẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ìwọ̀n ara wà níbẹ̀, ìfúnpá wà níbẹ̀, ṣúgà wà níbẹ̀. Kò sí ibì kankan tí ẹnikẹ́ni ti béèrè bóyá wọ́n ń gba ààwẹ̀. Ní Ìbàdàn! Ẹni tó wọ jalábíà wá gba oògùn, tó na tẹ̀sùbáà sọ́wọ́! Ní 2001, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní EPIDIAR láàárín àwọn Mùsùlùmí tó ní àtọ̀gbẹ ní orílẹ̀-èdè 13. Nínú àwọn tó ní irú kejì, ìjáwálẹ̀ ṣúgà tó gbé èèyàn dé ọsibítù fi ìlọ́po 7 àti ààbọ̀ pọ̀ sí i nínú Rámádáánì ju oṣù tó kù lọ. Nǹkan bí 8 nínú 10 wọn ló sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ 15 ó kéré tán. Àwọn èèyàn máa gbà á, ẹ béèrè o, ẹ ò béèrè o. Èyí ló mú inú bí mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, n kò ní fi bò.

Lèmọ́mù àdúgbò wọn wá kí wọn ní wọ́ọ̀dù. Dókítà ti sọ pé ààwẹ̀ ọdún yìí ti tán fún wọn, Bàbá sì kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní láti kékeré làwọn ti ń gbà á, àwọn kò jẹ ẹyọ kan rí. Lèmọ́mù ka Súrátù Bákárà sí wọn létí, ẹsẹ 184 àti 185, níbi tí Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò. Bàbá ní àwọn mọ̀ ọ́n lórí. “Aláìsàn ni wọ́n wí, Àlùfáà. Ṣé aláìsàn ni mí? Ìdí iṣẹ́ mi ni mo wà.”

Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ní àtọ̀gbẹ nìyẹn, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Kò dùn wọ́n níbì kankan. Wọ́n ń jí, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, oògùn nìkan ló ń rán wọn létí. Nítorí náà wọn kì í ka ara wọn mọ́ àwọn aláìsàn títí yóò fi di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé wọn. Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Ta wá ni wọ́n fi Micra gbé lóru àná?” Bàbá kò dáhùn.

Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Lèmọ́mù ṣàlàyé fídíyà fún wọn, pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò jọ èyí tí yóò lọ lè bọ́ tálákà kan dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá jẹ. Wọ́n sì sọ ọ̀kan tó ya gbogbo wa lẹ́nu, nítorí a rò pé a ó jiyàn lé e lórí: gígún ìka láti wọn ṣúgà kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ló wà lórí èyí, ìlànà àwọn dókítà nípa àtọ̀gbẹ àti Rámádáánì náà sọ bẹ́ẹ̀. Àlàájà, tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bojú wo ọkọ wọn. Ẹ̀rọ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ kìíní.

Ọjọ́ tó kù kí wọ́n túnu kò rọrùn fún Bàbá, kì í sì í ṣe nítorí ara. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ń gba ààwẹ̀. Kọ́tìnnì kan wà ní ìkangun ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò. Ibẹ̀ ni Bàbá ti ń jẹun ọ̀sán, lórí ìjókòó kékeré, láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n fi hángà kọ́. Ẹ̀kọ tútù àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n yàn, nítorí òórùn rẹ̀ kì í jáde. Wọ́n ní bí olè ni àwọn rí nínú ṣọ́ọ̀bù ara àwọn. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ká kọ́tìnnì láìkànlẹ̀kùn, ó bá wọn lẹ́nu oúnjẹ. “Háà, Bàbá, ẹ̀yin náà?” Wọn ò rí èsì fọ̀. Títí di ìgbà yẹn, wọn ò sọ fún oníbàárà kankan rí pé àtọ̀gbẹ wà lára wọn. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ló dáhùn láti ìdí máṣíìnì pé: “Oògùn ni wọ́n ń lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa da kọ́tìnnì padà.” Mo fẹ́ràn ọmọ náà.

A ti gba glibenclamide lọ́wọ́ wọn. Metformin ṣì wà, ní ìwọ̀n tí kíndìnrín wọn lè gbà. Gliclazide kékeré ni dókítà fi rọ́pò, ìdílé kan náà ni pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ewu tirẹ̀ kéré sí i, ó sì ṣeé gbé lọ sí ìgbà ìṣínu. Ọmọ iṣẹ́ mọ ìgbà tí à ń lo ṣúgà. Páálí ṣúgà oníhóró kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó bọ́tìnnì sí. Àlàájà ló rà á, wọ́n ń ka iye hóró rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí wọ́n ní àwọn mọ ọkọ àwọn.

Bàbá ṣì fẹ́ gba ààwẹ̀ tó ń bọ̀. Dókítà kò sọ pé rárá, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìlànà ni pé kí wọ́n ti yẹ èèyàn wò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ṣáájú, kí èsì kíndìnrín ti jáde, kí oògùn ti yí ipò padà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, kí wọ́n fi ọjọ́ bíi méjì nínú oṣù Ṣáábánù, oṣù tó ṣáájú Rámádáánì, dán an wò, kí wọ́n máa gún ìka láàárín ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá wà lábẹ́ 70 tàbí tó lé ní 300, kí wọ́n já a lójú ẹsẹ̀, ì báà ku ìṣẹ́jú 10 kí wọ́n pèrun. Bàbá ní àwọn gbà. Àlàájà ní àwọn kò gbà, pé ẹni tí kò gbọ́ tọ́sàn-án yẹn, kí ni yóò mú kó gbọ́ tìṣẹ́jú 10? Èmi náà sọ tèmi fún wọn: bí mo bá ní ọ̀rọ̀ sọ, wọn ò ní gbà á. Ṣùgbọ́n ara wọn ni, ẹ̀sìn wọn sì ni. Mo ti kọ ọjọ́ tí wọn yóò wá sínú káàdì tuntun, ní oṣù Rájábù tó ṣáájú Ṣáábánù. Àlàájà ní kí n kọ orúkọ àwọn náà sí i, pé àwọn méjèèjì làwọn jọ ń bọ̀.